Amọ̀ Ifẹ̀ Dé Ajah

Láti ìgbà tí mo ti padà sílé ni ẹ ti ń yà lọ́dọ̀ mi, ẹ̀yin ará Ifẹ̀, pé kí n sọ bí Lẹ́kì ṣe rí. Ẹlòmíràn nínú yín rò pé góòlù ni wọ́n fi tẹ́ títì ibẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n kàn sọ bóyá lóòótọ́ ni òkun ń jẹ ilé lọ. Ẹ fara balẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló dé ibẹ̀, ojú mi ló rí i, ẹnu mi náà ni n ó fi ròyìn rẹ̀, mi ò sì ní bu iyọ̀ sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ mọ̀ mí ní tíṣà iṣẹ́ ọnà. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò tíì fẹ̀yìn tì. Ìyáàfin Ọdẹ́tọ̀ún, tó ní iléèwé aládàáni kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ajah, bá mi ní mùsíọ́ọ̀mù wa níbi tí mo ti ń ṣàlàyé àwọn orí amọ̀ àtayébáyé fún àwọn ọmọléèwé kan. Ó dúró, ó gbọ́ mi tán, ó ní kí n wá bá òun lo sáà ẹ̀kọ́ kan, kí n ṣètò iṣẹ́ tí àwọn ọmọ òun yóò fi ọwọ́ ara wọn ṣe, tí a ó fà yọ láti inú iṣẹ́ àwọn baba ńlá wa. Kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Ó ní àwọn òbí ti ń sọ pé kí wọ́n yọ iṣẹ́ ọnà kúrò, kí wọ́n sọ yàrá rẹ̀ di yàrá kọ̀ǹpútà. Sáà yìí ni wọn yóò fi dán an wò. Bí àfihàn ìparí sáà bá dùn mọ́ àwọn òbí, iṣẹ́ ọnà yóò dúró. Bí kò bá dùn mọ́ wọn, ó parí nìyẹn.

Mo ní kò sí ìyọnu. Ta ló fẹ́ bá ọmọ Ifẹ̀ jiyàn lórí ọ̀rọ̀ orí? Mo di ẹrù mi, mo di àpò amọ̀ kan tó kún fọ́fọ́ mọ́ ọn, ó di Èkó.

Ẹnu géètì

Ọmọ àbúrò mi, Bísí, ni mo dé sí lọ́dọ̀, ní ẹ́sítéètì tí wọ́n ń pè ní Abraham Adésànyà. Ilé ibẹ̀ tò lọ rẹrẹ, géètì sì wà níwájú géètì. Níbí, àlejò á kàn kágò, á sì wọlé. Lọ́hùn-ún, ẹ ó sọ orúkọ yín, ẹ ó sọ orúkọ ẹni tí ẹ ń wá, ẹ ó sì dúró títí wọn yóò fi pè é lórí fóònù kó jẹ́rìí pé òun mọ̀ yín. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí mi dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ tán, àmọ́ kò jẹ́ kí n kọjá. Ó gbìyànjú láti gbé àpò mi, ó wúwo.

"Mama, wetin dey inside?"

"Amọ̀ ni."

"Amọ̀ báwo, Mà? Amọ̀ ilẹ̀?"

"Amọ̀ ilẹ̀ Ifẹ̀."

Bó ṣe gbọ́ Ifẹ̀ báyìí ló mú ọwọ́ kúrò lára àpò náà. Ó sún sẹ́yìn. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti ń ro ohun tí n kò sọ. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀, ìyẹn náà wá, ó sì dúró lókèèrè wò ó. Nígbà tí Bísí yóò fi sáré dé, èrò ti yí amọ̀ mi ká, kò sì sí ẹni tó fẹ́ tú u wò nínú wọn.

"Mọ́mì Ifẹ̀," Bísí ní, "ẹ ò ṣe kàn sọ pé gàrí ni?"

Bísí tọ́jú mi, kí n má purọ́. Ṣùgbọ́n ilé náà ṣe mí ní kàyéfì. Oníkálukú ni ó ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ jáde láti inú fíríìjì ní àkókò tó bá wù ú, wọ́n á gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń mú oúnjẹ gbóná, ẹ̀rọ á dún, wọ́n á jẹun. Ọbẹ̀ Bísí dùn, àmọ́ ńṣe ni mo máa ń dá a jẹ, tí mo ń kọjú sí tẹlifíṣọ̀n.

Àti ìkíni! Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá bí a ti ń ṣe. Mọ́tò ló ń kọjá, gíláàsì rẹ̀ dúdú, mi ò rí ẹni tó wà nínú rẹ̀, mo sì ń kí i náà ni. Obìnrin kan dúró, ó yí gíláàsì sílẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún àánú. "Mama, ṣé kò sí wàhálà? Ẹ nílò ìrànlọ́wọ́?" Mo ní rárá o, mo kàn ní ẹ káàárọ̀ ni. Ó wò mí títí, ó dúpẹ́, ó lọ. Ọjọ́ kejì ó tún dúró, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ kí mi lọ́tẹ̀ yìí, ó tilẹ̀ bi mí bí mo ṣe sùn. Ènìyàn ni wọ́n, gíláàsì mọ́tò ló bò wọ́n lójú.

Etí ọ̀sà

Ilẹ̀ Lẹ́kì, yanrìn ni. Ẹ gbẹ́ ẹ títí, yanrìn ni ẹ ó máa bá, omi ni yóò sì tẹ̀ lé e jáde. Nígbà tí mo rí i bẹ́ẹ̀, mo dúpẹ́ pé mo gbé amọ̀ mi dání. Ṣùgbọ́n amọ̀ wà, ètò ni kò tíì sí. Mo mọ̀ pé orí ni àwọn ọmọ yóò mọ, mi ò mọ orí ta ni. Bí mo bá ní kí wọ́n wo àwòrán orí Ifẹ̀ kí wọ́n ṣe irú rẹ̀, àdàkọ ni wọn yóò ṣe, àdàkọ kò sì lè gba yàrá ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ìrònú yìí ni mo gbé dé etí ọ̀sà ní ọ̀sán Sátidé kan. Bísí mú mi lọ sí abúlé apẹja kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gogoro. Ìyá àgbà kan tó ń yan ẹja ló gbà wá lálejò. Ìjẹ̀bú wà lẹ́nu rẹ̀ dáadáa, mo ní láti tẹ́tí kí n tó gbọ́ ọ tán. Kò béèrè orúkọ mi kó tó fún mi ní àpótí jókòó. Ó bu ìkọ́kọrẹ́ fún mi, ó gbé akàn lé e lórí, ó ní kí n má ṣe bí àlejò. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ òkú Èkó, ẹja inú yìnyín, nílé, ẹ ṣe pẹ̀lẹ́. Ẹja tó ṣì ń mí nígbà tí mo jókòó ni mo jẹ kí n tó dìde.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Mà. Àlejò ni wá."

"Àlejò ni gbogbo àwọn tó wà nínú ilé gogoro yẹn náà," ó ní, ó fi ẹnu tọ́ka sẹ́yìn. "Wọn ò kàn mọ̀ ni."

Ó bi mí níṣẹ́ tí mo ń ṣe, mo fi àwòrán orí amọ̀ àtijọ́ kan hàn án lórí fóònù mi. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Áà! Sìdíkà nìyí. Àbúrò ọkọ mi. Ẹ wo ètè rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ bú ènìyàn."

Mo rò pé àwàdà ni. Kò pẹ́ tí Sìdíkà fúnra rẹ̀ kọjá pẹ̀lú agbọ̀n ẹja lórí, mo wo ètè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá náà kò lábùlà.

Ibẹ̀ ni ètò mi ti dúró. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni ẹni tó mọ orí yẹn jókòó tì, tó wò. Ènìyàn náà ni àwọn ọmọ mi yóò wò.

Ìpàdé àwọn òbí

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, Ìyáàfin Ọdẹ́tọ̀ún ní kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé fún àwọn òbí. Bàbá kan tó wọ kóòtù ló kọ́kọ́ na ọwọ́.

"Mà, no offence o. Àwọn orí yìí, ṣé kì í ṣe òrìṣà? Torí a ò fẹ́ gbé nǹkan wọlé tí a ò ní lè lé jáde."

"Orí yín ni ọmọ yín máa mọ, sà," mo dá a lóhùn. "Bí ẹ bá rí i pé orí yín ti di òrìṣà, ẹ jẹ́ kí n gbọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá kan kò rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà ni, ìsàlẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì lọ́hùn-ún ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Ìyá Tẹ́níọlá ni gbogbo wọn ń pè é, òun sì ni ẹnu rẹ̀ tólẹ̀ jù láàrin àwọn tó fẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó sọ ojú abẹ níkòó.

"Mà, mo respect yín. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Kí ni orí àtijọ́ máa ṣe fún ọmọ mi? Coding ni mo fẹ́. Time tí mo ní fún ọmọ yìí kò pọ̀, mi ò sì fẹ́ kí school náà fi tirẹ̀ ṣòfò."

Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Ó dùn mí, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n mo wo obìnrin náà, mo rí i pé ó rẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe ń bínú lọ, mi ò sì lè kórìíra rẹ̀.

Ní kíláàsì, mo sọ fún àwọn ọmọ pé bí wọ́n bá to àwọn orí àtayébáyé wa sójú kan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò ní bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mu, ètè kò ní bá ètè mu, nítorí pé ẹni tó mọ wọ́n wo ènìyàn, kò wo iṣẹ́ ẹlòmíràn. Mo bu amọ̀ fún oníkálukú. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sílé, kí wọ́n jókòó síwájú ẹnì kan nínú ilé wọn, kí wọ́n máa wò ó, kí wọ́n máa mọ ọ́n, títí di ọjọ́ tí mo dá.

Orí funfun

Ọjọ́ tí mo dá pé. Ọmọ àkọ́kọ́ gbé páálí rẹ̀ wá sórí tábìlì. Mo ṣí i, ẹnu yà mí. Orí obìnrin kan ló wà níbẹ̀, funfun báláú, ó jọ̀lọ̀, imú rẹ̀ ṣe wẹ́kú. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin. Mo ṣí èkejì, òun náà dára. Mo ṣí ẹ̀kẹta, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkíní. Obìnrin kan náà ni. Mo ṣí gbogbo rẹ̀, mo tò wọ́n sórí tábìlì gígùn, gbogbo wọn ń fi ojú kan náà wò mí, ètè kan náà, kòtò kékeré kan náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," mo ní, "ta ni ìyá tó bí gbogbo yín?"

Tẹ́níọlá, ọmọ ẹnjiníà yẹn, dìde. Ọmọ tín-ín-rín ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Uncle Ráṣìdì ló ṣe é, Mà. Àwọn ló ṣe POP sitting room wa. Mummy ló fi number wọn sórí group àwọn parents."

"Amọ̀ tí mo fún yín ńkọ́?"

Ọ̀kan ní ó wà lẹ́yìn mọ́tò dádì òun. Ọ̀kan ní mọ́mì òun ti fi gbin òdòdó, òdòdó náà sì ń ṣe dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wo bàtà wọn.

Inú bí mi, ẹ̀yin ará ilé, kì í ṣe díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi Bísí, ó ní ìṣe ibẹ̀ ni. Ohunkóhun tí iléèwé bá ní kí ọmọ ṣe nílé, òbí yóò wá oníṣẹ́ ọwọ́ tí yóò ṣe é kó dán, kí ọmọ tiwọn má bàa kẹ́yìn. Wọn ò rí i bí ìrẹ́jẹ, ìfẹ́ ni lójú tiwọn. Wọ́n rò pé orí tó rẹwà ni mo ń wá. Ìjókòó ni mo ń wá.

Ráṣìdì

Mo wá Ráṣìdì lọ sí Ajah. Ẹ̀gbẹ́ oríta ló wà, lábẹ́ páànù, láàrin àwọn wẹ́dà àti káfíńtà, níbi tí kẹ̀kẹ́ Màrúwà ti ń fọn fèrè síni létí láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀fun POP bo irun àti irùngbọ̀n rẹ̀ tó fi dà bí arúgbó, bẹ́ẹ̀ ọ̀dọ́ ni. Ará Ìkìrun ni, iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló gbé e wá sí Èkó. Kìnnìún méjì tí wọ́n fẹ́ gbé sórí òpó géètì ẹnì kan ń gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi, ó mọ̀ pé ará òkè ni mí, ó fa àga fún mi, ó ní kí wọ́n ra mínírà tútù wá.

"Ẹ̀yin lẹ fún wọn ní assignment yẹn, Mà? Ẹ ṣeun o! Ọjà ṣí fún mi gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, next term ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe, kí n tètè bẹ̀rẹ̀?"

Ìjà ni mo múra wá, ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé ta ni obìnrin tó ṣe.

Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ojú tì í díẹ̀. "Ìyàwó mi ni, Mà. Ó wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Mi ò rí i láti Iléyá. Wọ́n ní kí n ṣe orí obìnrin, òun ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ṣe ọ̀kan, mo wá fi ṣe móòdù tí mo fi da ìyókù."

Ẹ ò gbọ́ nǹkan? Obìnrin kan ní Ìkìrun, tí kò fojú kan Lẹ́kì rí, ló jókòó sórí tábìlì mi bí ìyá gbogbo ọmọ tó wà ní kíláàsì. Mo sọ fún Ráṣìdì pé nínú gbogbo wàhálà yìí, òun nìkan ló ṣe iṣẹ́ tí mo fún wọn. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ṣé n ó fún òun ní máàkì.

Ọjọ́ àfihàn

Mo lọ bá Ìyáàfin Ọdẹ́tọ̀ún, mo ní kò ní sí orí kankan lórí tábìlì lọ́jọ́ àfihàn. Àga la ó tò, méjì méjì, kí wọ́n kọjú síra wọn. Òbí lórí ọ̀kan, ọmọ lórí èkejì, amọ̀ láàrin.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Àwọn èèyàn wa busy. Wọn kì í jókòó. Tí wọ́n bá bínú lọ, art ti parí nìyẹn, mi ò ní lè gbà á sílẹ̀."

"Wọ́n á jókòó."

"Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n ni?"

"Mo mọ àwọn ọmọ wọn."

Mo sọ ọ́ bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì balẹ̀ lóòótọ́, àfi díẹ̀. Àwọn ọmọ kó amọ̀ mi padà láti inú mọ́tò àti láti inú ìkòkò òdòdó. A rin ín, a gún un, a pò ó, a ṣa gbòǹgbò kúrò nínú rẹ̀. Nígbà tí mo rí i tí ọwọ́ wọn dọ̀tí dé ìgbọ̀nwọ́, mo mọ̀ pé a ti gba ìdajì ogun náà.

Àárọ̀ Sátidé ni. Mo gbé abọ́ ńlá kan sẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo ní kí òbí kọ̀ọ̀kan fi fóònù rẹ̀ síbẹ̀ kó tó wọlé. Ẹ̀yin, ẹ ò rí ojú wọn! Ẹlòmíràn fi sílẹ̀ bí ẹni tó ń fi ọmọ sílẹ̀ sí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ara ń fún wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń tún gèlè ṣe. Kò rọrùn kí ọmọ ẹni jókòó kó máa wo ojú ẹni láìsọ̀rọ̀. Bàbá oníkóòtù yẹn fẹ́ ṣàlàyé nǹkan kan fún aládùúgbò rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ní, "Daddy, ẹnu yín ni mo wà o." Ó pa ẹnu dé. Díẹ̀díẹ̀ ni yàrá náà pa lọ́lọ́, ìró ọwọ́ lára amọ̀ nìkan ni à ń gbọ́.

Àga kan ṣófo. Tẹ́níọlá jókòó síwájú rẹ̀, ó ń wọ́n omi sí amọ̀ rẹ̀ kó má gbẹ. Ó pẹ́ kí ìyá rẹ̀ tó dé, ó ṣì wọ bàtà iṣẹ́, àkẹtẹ̀ ike wà lábẹ́ apá rẹ̀.

"Ẹ má bínú, site ni mo ti ń bọ̀. Mi ò lè pẹ́."

Ó ju fóònù sínú abọ́, ó jókòó. Kò pẹ́ rárá tí orí rẹ̀ fi tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oorun ti gbé e lọ. Àwọn òbí tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ìyáàfin Ọdẹ́tọ̀ún ṣẹ́jú sí mi pé kí n tètè jí i, ẹ̀rù sì ba èmi náà. Bí ó bá jí sáàárín ẹ̀rín ènìyàn, ìbínú ni yóò fi lọ, àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún un yóò sì tẹ̀ lé e. Mo rìn lọ, mo na ọwọ́ sí èjìká rẹ̀.

"Ẹ má jí wọn, Mà," Tẹ́níọlá sọ jẹ́jẹ́. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ojú yìí ni mo mọ̀. Kí n tó jí láàárọ̀, wọ́n ti lọ. Kí wọ́n tó dé, mo ti sùn. Tó bá di Sunday, báyìí ni wọ́n máa ń wà."

Mo fa ọwọ́ mi padà. Ọmọ náà ń mọ amọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ṣe ìpéǹpéjú tó pa dé, ó ṣe ẹnu tó ṣí díẹ̀, ó ṣe ilà tí okùn àkẹtẹ̀ fi sí àgbọ̀n ìyá rẹ̀. Etí kan ga ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé orí náà dé ibikíbi láyé, ẹni tó mọ obìnrin yẹn yóò mọ̀ pé òun ni.

Ìró àga kan ló jí i. Ó fò dìde, ó ń tọrọ àforíjì, ó ń wá fóònù nínú àpò rẹ̀. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí amọ̀.

"Tẹ́ní, kí ló dé tí o pa ojú mi dé?"

"Mummy, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń rí yín."

Obìnrin náà na ìka kan, ó rọra fi kan ìpéǹpéjú tí ọmọ rẹ̀ mọ. Ó wá yíjú sí Ìyáàfin Ọdẹ́tọ̀ún.

"Mà, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá yàrá míì fún un. Ẹ má fọwọ́ kan yàrá yìí."

Bàbá oníkóòtù mi orí pé òótọ́ ni. Àwọn yòókù náà mi orí. Ìyáàfin Ọdẹ́tọ̀ún ní kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án.

Ìyá Tẹ́níọlá tú okùn bàtà rẹ̀, ó bọ́ ọ, ó tì í sábẹ́ àga, ó sì jókòó padà.

"Ṣé amọ̀ ṣì kù? Oyá, ṣe òmíràn. Mi ò lọ ibì kankan."

Ó la ojú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó ń wo ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń wò ó. Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè láti nù ún.

"Mummy, ẹ má fọwọ́ kàn án," Tẹ́níọlá ní. "Mi ò tíì ṣe ibẹ̀ tán."